Alága tí wọ́n ń yàn lókè, wọ́ọ̀dù tí wọ́n fi ń yọ ọ́ nísàlẹ̀

Ọdún 2025 kò ní tètè kúrò lọ́kàn àwọn tó máa ń fetí sí ọ̀rọ̀ òṣèlú nílẹ̀ yìí. Nínú ọdún kan ṣoṣo náà ni àwọn ẹgbẹ́ méjì tó ti ṣèjọba àpapọ̀ láti 1999 pààrọ̀ alága wọn.

Ẹgbẹ́ onígbálẹ̀, APC, ló kọ́kọ́ ṣe tiẹ̀. Ní ọjọ́ kẹrìnlélógún, oṣù keje, ìgbìmọ̀ ńlá ẹgbẹ́ náà tí wọ́n ń pè ní NEC jókòó l'Ábújá. Wọ́n dárúkọ Ọ̀jọ̀gbọ́n Nentawe Yilwatda, ọmọ ìpínlẹ̀ Plateau tó jẹ́ mínísítà nígbà náà, wọ́n fọwọ́ sí i, ọ̀rọ̀ parí. Kò sí àpótí ìbò, kò sí aṣojú láti ìpínlẹ̀ kankan tó tò sórí ìlà.

Ẹgbẹ́ alábùradà, PDP, ṣe tiẹ̀ nílùú Ìbàdàn. Pápá ìṣeré Lekan Salami tó wà l'Adámásingbà ni wọ́n kó àwọn aṣojú wọn jọ sí ní ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún àti ọjọ́ kẹrìndínlógún, oṣù kọkànlá. Níbẹ̀ ni wọ́n ti kéde Kabiru Tanimu Turaki, àgbà amòfin tó ti ṣe mínísítà rí, gẹ́gẹ́ bí alága tuntun. Níbẹ̀ náà ni wọ́n ti kéde pé àwọn ti lé Nyesom Wike tó jẹ́ mínísítà ìlú Àbújá, Ayọ̀délé Fáyóṣé tó ti ṣe gómìnà Èkìtì rí, Samuel Anyanwu àti àwọn mìíràn kúrò nínú ẹgbẹ́. Ní ọjọ́ kejìdínlógún, igun méjèèjì pàdé ní olú ilé ẹgbẹ́ l'Ábújá, wàhálà bẹ́ sílẹ̀, àwọn ọlọ́pàá sì ń yin afẹ́fẹ́ tajútajú.

Lójú ẹni tó ń wò ó lókèèrè, ọ̀nà méjèèjì yàtọ̀ síra. Ọ̀kan wọ́ọ́rọ́wọ́, ìkejì pariwo. Ṣùgbọ́n ìbéèrè kan náà ló wà nídìí méjèèjì: ta ló ń yan alága ẹgbẹ́ òṣèlú ní Nàìjíríà, ta ló sì ń yọ ọ́? Ọ̀pọ̀ àwọn tó wà lóko tàbí lábúlé máa ń sọ pé ọ̀rọ̀ àwọn ọ̀gá l'Ábújá nìyẹn, kò kan àwọn. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní ìpínlẹ̀ Oǹdó lọ́dún 2016 fi hàn pé ó kàn wọ́n.

Ní oṣù kejì ọdún náà, ìgbìmọ̀ NEC ẹgbẹ́ PDP mú Ali Modu Sheriff, tó ti ṣe gómìnà Borno rí, wọ́n fi í ṣe alága. Oṣù mẹ́ta lẹ́yìn náà, ẹgbẹ́ náà pe àpéjọ gbogbogbòò sí ìlú Port Harcourt, wọ́n yọ Sheriff, wọ́n gbé ìgbìmọ̀ fìdíhẹ́ kalẹ̀ lábẹ́ Ahmed Makarfi. Sheriff ní òun kò lọ síbì kankan. Bí ẹgbẹ́ kan ṣe di alága méjì nìyẹn, oníkálukú ń buwọ́ lu ìwé tirẹ̀.

Ọdún yẹn gan-an ni ìdìbò gómìnà Oǹdó bọ́ sí. Igun Makarfi fa Eyitayọ̀ Jẹ́gẹ́dẹ́ kalẹ̀, igun Sheriff fa Jimoh Ibrahim kalẹ̀. Ilé ẹjọ́ gíga àpapọ̀ l'Ábújá ní ti Jimoh Ibrahim ni kí wọ́n gbà, àjọ elétò ìdìbò, INEC, sì fi orúkọ rẹ̀ rọ́pò ti Jẹ́gẹ́dẹ́. Ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn yí ìdájọ́ náà padà ní ọjọ́ kẹtàlélógún, oṣù kọkànlá, ó ní Jẹ́gẹ́dẹ́ ni. Ọjọ́ kẹrìndínlọ́gbọ̀n oṣù kan náà ni ìdìbò. Ọjọ́ mẹ́ta péré ló kù fún ọkùnrin náà láti wá ìbò káàkiri ìjọba ìbílẹ̀ méjìdínlógún. Rótìmí Akérédolú ti APC wọlé pẹ̀lú ìbò 244,842, Jẹ́gẹ́dẹ́ ní 150,380. Kò sẹ́ni tó lè búra pé Jẹ́gẹ́dẹ́ ì bá wọlé ká ní ẹgbẹ́ rẹ̀ wà ní ìṣọ̀kan. Ohun tó dájú ni pé àgbẹ̀ kòkó tó wà ní Ìdànrè tàbí ní Ọ̀wọ̀, tó fẹ́ dìbò fún alábùradà, kò mọ ẹni tí òun fẹ́ dìbò fún títí tí ọ̀sẹ̀ ìdìbò fi dé. Ìjà alága l'Ábújá ló dé ẹnu ọ̀nà rẹ̀ yẹn. Ó di oṣù keje ọdún 2017 kí ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ tó sọ pé Makarfi ló ni ẹ̀tọ́.

Ìdí tí ọ̀rọ̀ alága fi lágbára tó bẹ́ẹ̀ kò ju méjì lọ. Àkọ́kọ́, ìwé òfin Nàìjíríà kò fàyè gba ẹni tó fẹ́ dá dúró du ipò láìní ẹgbẹ́. Ẹni tí ẹgbẹ́ kò bá fà kalẹ̀, orúkọ rẹ̀ kò lè sí lórí ìwé ìdìbò, ì báà jẹ́ ẹni tí gbogbo ìlú fẹ́. Ìkejì, ọwọ́ alága àti akọ̀wé àpapọ̀ ni ìwé tí ẹgbẹ́ ń kọ sí àjọ INEC ti ń jáde. Ẹni tó bá ti ní alága lọ́wọ́, ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ mọ orúkọ tí yóò dé iwájú olùdìbò. Kí ọjọ́ ìdìbò tó pé rárá, wọ́n ti ṣe ìdajì ìdìbò tán.

Bí ó ṣe yẹ kí wọ́n máa yan alága kò ṣòro láti ṣàlàyé. Ìwé òfin, ní abala 223, sọ pé ìdìbò ni ẹgbẹ́ òṣèlú gbọ́dọ̀ fi yan àwọn tó ń ṣàkóso rẹ̀, wọ́n sì gbọ́dọ̀ máa ṣe é lóòrèkóòrè, kó má ju ọdún mẹ́rin síra wọn. Ìsàlẹ̀ ló ti ń bẹ̀rẹ̀. Wọ́ọ̀dù 8,809 ló wà ní Nàìjíríà. Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ tó ní káàdì ní wọ́ọ̀dù yóò pàdé, wọ́n á yan àwọn olóyè wọn. Láti wọ́ọ̀dù ni wọ́n ti ń gòkè lọ sí ìjọba ìbílẹ̀, láti ìjọba ìbílẹ̀ sí ìpínlẹ̀. Nígbà tó bá kù díẹ̀, àwọn aṣojú tí wọ́n yàn lọ́nà yìí, pẹ̀lú àwọn gómìnà, àwọn aṣòfin àti àwọn olóyè mìíràn, yóò wá pàdé níbi àpéjọ gbogbogbòò láti dìbò yan alága. Bí ilé tí wọ́n ń kọ́ láti ìpìlẹ̀ ni: ẹni tó wà nílẹ̀ẹ́lẹ̀ ló gbé ẹni tó wà lókè dúró.

Èyí tó wà nínú ìwé nìyẹn. Èyí tójú ń rí yàtọ̀.

Ní oṣù kẹfà ọdún 2018, nígbà tí APC fẹ́ pààrọ̀ John Odigie-Oyegun, Adams Oshiomhole nìkan ló kù sórí pápá nígbà tó fi máa di ọjọ́ àpéjọ. Ààrẹ Muhammadu Buhari ti fọwọ́ sí i, àwọn tó kù sì ti yẹra. Ní oṣù kẹta ọdún 2022, ó tún ṣẹlẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ó lé ní èèyàn márùn-ún tó fẹ́ ṣe alága APC, tó fi mọ́ àwọn tó ti ṣe gómìnà. Nígbà tí Buhari fi hàn pé Sẹ́nétọ̀ Abdullahi Adamu lòun fẹ́, gbogbo wọn sọ̀ kalẹ̀ fún un. Ní pápá Eagle Square l'Ábújá, iṣẹ́ tó kù fún àwọn aṣojú tó wá láti gbogbo ìpínlẹ̀ kò ju pé kí wọ́n pariwo bẹ́ẹ̀ ni lọ. PDP náà kò yàtọ̀. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2021, Iyorchia Ayu nìkan ló du ipò alága, nítorí àwọn àgbà ẹgbẹ́ láti Àríwá ti fẹnu kò lé e lórí.

Ìfẹnukò ni wọ́n ń pe èyí. Àwọn tó fara mọ́ ọn ní àlàyé tiwọn, kò sì yẹ kí èèyàn fọwọ́ rọ́ ọ sẹ́yìn. Wọ́n ní ìdìbò láàárín ẹgbẹ́ máa ń fa ọ̀tá, owó sì máa ń ṣòfò. Wọ́n ní aṣojú tó gbowó lọ́wọ́ ẹni mẹ́ta kò lè sọ pé ẹ̀rí ọkàn lòun fi dìbò. Wọ́n tún ní ilẹ̀ Yorùbá gan-an kì í fi ìbò yanjú gbogbo ọ̀rọ̀. Àwọn àgbà máa ń jókòó, wọ́n á jọ sọ̀rọ̀ títí ohùn wọn yóò fi ṣe ọ̀kan. Òótọ́ ọ̀rọ̀ ni gbogbo rẹ̀.

Ṣùgbọ́n ìyàtọ̀ wà láàárín kí àwọn ará ilé jókòó fẹnu kò àti kí ẹnì kan wọlé wá sọ fún wọn ohun tí wọ́n ti fẹnu kò lé lórí. Nínú ìfẹnukò tòótọ́, ẹni tó bá sọ pé òun kò gbà yóò ráyè sọ ìdí rẹ̀. Nínú èyí tí àwọn ẹgbẹ́ ń ṣe, ẹni tí kò bá gbà, fọ́ọ̀mù ni kò ní rí rà. Ohun tí Sule Lamido, tó ti ṣe gómìnà Jigawa rí, gbé lọ sílé ẹjọ́ lọ́dún 2025 nìyẹn. Ó ní òun fẹ́ du ipò alága PDP, àmọ́ wọn kò jẹ́ kí òun rí fọ́ọ̀mù gbà. Àwọn àgbà kan láti Àríwá ti mú Turaki kí ọjọ́ àpéjọ tó dé.

Ohun tó wá yani lẹ́nu ni bí àwọn alága tí wọ́n fi ìfẹnukò yàn yìí ṣe máa ń kúrò. Bí ẹ bá to orúkọ wọn tẹ̀léra, ẹ óò rí i pé ọ̀nà kan náà ni ọ̀pọ̀ wọn gbà jáde: wọ́ọ̀dù.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti orí Oshiomhole. Òun àti Godwin Obaseki, gómìnà Ẹdó tó jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́ rẹ̀, dìjà. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2019, àwọn olóyè APC ní wọ́ọ̀dù kẹwàá, ìjọba ìbílẹ̀ Ìwọ̀ Oòrùn Etsako, ní àwọn já ìwé gbélé-ẹ fún un. Ilé ẹjọ́ gíga l'Ábújá fara mọ́ ọn ní oṣù kẹta ọdún 2020, ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn tún fìdí rẹ̀ múlẹ̀ ní oṣù kẹfà. Àlàyé wọn ni pé ẹni tí wọ́ọ̀dù rẹ̀ kò kà mọ́ ọmọ ẹgbẹ́ kò lè máa ṣe alága ẹgbẹ́. Láàárín ọjọ́ mẹ́wàá, NEC tú gbogbo ìgbìmọ̀ alákòóso ká.

Uche Secondus ló tẹ̀ lé e. Ní oṣù kejìlá ọdún 2017 ló wọlé gẹ́gẹ́ bí alága PDP pẹ̀lú ìbò 2,000. Ọ̀jọ̀gbọ́n Túndé Adéníran, ọmọ Èkìtì, ní 230, Raymond Dokpesi ní 66. Ìdìbò ni lóòótọ́, àmọ́ ìwé orúkọ kan ti ń lọ káàkiri láàárín àwọn aṣojú, ẹni tí orúkọ rẹ̀ wà níbẹ̀ ló ń wọlé. Olóyè Bọ̀dé George, tó fẹ́ kí ipò náà wá sí ilẹ̀ Yorùbá, ti fi ìbínú yẹra nígbà tí àpéjọ ku ọ̀la. Gbogbo ayé mọ̀ pé Wike, tó jẹ́ gómìnà Rivers nígbà náà, wà lẹ́yìn Secondus gbágbágbá. Nígbà tó di 2021, àwọn méjèèjì ti di ọ̀tá. Wọ́ọ̀dù Secondus ní ìjọba ìbílẹ̀ Andoni ní àwọn kò kà á mọ́ ọmọ ẹgbẹ́ mọ́, ilé ẹjọ́ gíga ní Rivers sì ní kó má pe ara rẹ̀ ní alága mọ́.

Ayu, tó gbapò lọ́wọ́ rẹ̀, kò ṣe ju ọdún kan àti oṣù díẹ̀ lọ. Nígbà tí Atiku Abubakar di olùdíje PDP lọ́dún 2022, Wike àti àwọn gómìnà mẹ́rin mìíràn, tí Ṣèyí Mákindé ti Ọ̀yọ́ wà lára wọn, ní kò dára kí olùdíje àti alága jọ wá láti Àríwá. Wọ́n ní kí Ayu fi ipò sílẹ̀, ó ní òun kò lọ. PDP wọ inú ìdìbò 2023 pẹ̀lú gómìnà márùn-ún tí kò bá olùdíje wọn rìn. Bọ́lá Tinúbú ti APC ní ìbò 8,794,726, Atiku ní 6,984,520. Oṣù kan lẹ́yìn náà ni wọ́ọ̀dù Igyorov ní Gboko, ìpínlẹ̀ Benue, já ìwé gbélé-ẹ fún Ayu. Ilé ẹjọ́ l'ìlú Makurdi fọwọ́ sí i lọ́jọ́ kejì.

Èèyàn mẹ́ta nìyẹn, wọ́ọ̀dù mẹ́ta. Ẹni tí kò bá mọ bí nǹkan ṣe ń lọ lè rò pé àwọn ọmọ ẹgbẹ́ tó wà lábúlé ti wá gbọ́n, pé wọ́n ti ń fi agbára wọn hàn àwọn ọ̀gá. Ọ̀rọ̀ Abdullahi Ganduje ló tú àṣírí náà.

Ganduje ni APC fi rọ́pò Adamu ní oṣù kẹjọ ọdún 2023. Ìgbìmọ̀ NEC ló yàn án, kò sí àpéjọ gbogbogbòò kankan. Ní oṣù kẹrin ọdún 2024, àwọn kan tó pe ara wọn ní olóyè wọ́ọ̀dù rẹ̀ ní Dawakin Tofa, ìpínlẹ̀ Kano, ní àwọn ti já ìwé gbélé-ẹ fún un. Ilé ẹjọ́ gíga ní Kano pàṣẹ pé kó yé pe ara rẹ̀ ní alága, bí ti Secondus àti Ayu gẹ́lẹ́. Ṣùgbọ́n Ganduje kò kúrò. Ẹgbẹ́ ní àwọn kò mọ àwọn tó buwọ́ lu ìwé náà rí, ilé ẹjọ́ mìíràn sọ tirẹ̀, alága sì ń bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ. Ó lo ju ọdún kan lọ lẹ́yìn náà, kó tó kọ̀wé fipò sílẹ̀ ní ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n, oṣù kẹfà, ọdún 2025, tó ní ọ̀rọ̀ ìlera ló fà á.

Kí ló dé tí wọ́ọ̀dù fi yọ Oshiomhole, Secondus àti Ayu, tí kò sì lè yọ Ganduje? Òfin kò yàtọ̀, wọ́ọ̀dù kò yàtọ̀. Ohun tó yàtọ̀ ni ẹni tó wà lẹ́yìn alága. Àwọn mẹ́ta ìṣáájú ti pàdánù àwọn alágbára tó gbé wọn dé ibẹ̀. Ganduje kò tíì pàdánù tirẹ̀ lásìkò tí wọ́ọ̀dù dìde sí i. Bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè ráyè wọ̀ ọ́. Wọ́ọ̀dù kò yan alága, bẹ́ẹ̀ náà ni kò yọ alága. Ọ̀bẹ lásán ni, ẹni tó di èkù rẹ̀ mú kò sí lábúlé.

Kì í ṣe òní ló ti bẹ̀rẹ̀. Àwọn àgbà yóò rántí Audu Ogbeh, tó jẹ́ alága PDP nígbà tí Olúṣẹ́gun Ọbásanjọ́ jẹ́ Ààrẹ. Ní oṣù kejìlá ọdún 2004 ló kọ lẹ́tà sí Ààrẹ lórí rògbòdìyàn tó wà ní ìpínlẹ̀ Anambra. Nígbà tó fi máa di oṣù kìíní ọdún 2005, Ogbeh ti kọ̀wé fipò sílẹ̀. Àwọn ará ilẹ̀ Yorùbá náà ní tiwọn láti sọ. Ní oṣù kìíní ọdún 1999, àwọn àgbààgbà mẹ́tàlélógún ló jókòó ní òtẹ́ẹ̀lì D'Rovans n'Ìbàdàn, tí wọ́n mú Olóyè Olú Fálaè, tí wọ́n fi Olóyè Bọ́lá Ìgè sílẹ̀, láti fi ṣe olùdíje ẹgbẹ́ AD sípò Ààrẹ. Èèyàn iyì ni àwọn méjèèjì. Ṣùgbọ́n ọgbẹ́ tí ìjókòó yẹn dá sílẹ̀ kò jinná. Lẹ́yìn tí AD pàdánù ìpínlẹ̀ márùn-ún nínú mẹ́fà lọ́dún 2003, ẹgbẹ́ náà tún pín sí méjì: Olóyè Bísí Àkàndé ní alága igun kan, Sẹ́nétọ̀ Mojísóolúwa Akínfẹ́nwá ní alága igun kejì. Ẹgbẹ́ tó ní gómìnà mẹ́fà lọ́dún 1999 kò padà rí bẹ́ẹ̀ mọ́.

Ṣé ìdìbò tòótọ́ lè ṣẹlẹ̀ nínú ẹgbẹ́ wa ṣá? Ó ti ṣẹlẹ̀, kò sì wó ilé. Níbi àpéjọ PDP ti 2021 kan náà tí Ayu nìkan ti du ipò rẹ̀, ipò igbákejì alága fún Gúúsù kò rí bẹ́ẹ̀. Ọmọ Yorùbá méjì ló du ú, Ọmọọba Olágúnsóyè Oyinlọlá tó ti ṣe gómìnà Ọ̀ṣun rí, àti Taofeek Arapaja tó ti ṣe igbákejì gómìnà Ọ̀yọ́ rí. Wọ́n dìbò, wọ́n kà á: Arapaja ní 2,004, Oyinlọlá ní 705. Arapaja yìí kan náà ni wọ́n kéde gẹ́gẹ́ bí akọ̀wé àpapọ̀ n'Ìbàdàn lọ́dún 2025.

Èyí tó lágbára jù ni ti APC ní oṣù kẹfà ọdún 2022. Adamu, alága tí wọ́n fi ìfẹnukò yàn, rò pé òun náà lè fi ìfẹnukò mú olùdíje sípò Ààrẹ. Nígbà tí àpéjọ ku ọjọ́ díẹ̀, ó sọ fún ìgbìmọ̀ rẹ̀ pé Ahmad Lawan, Ààrẹ ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin àgbà, ni ẹni tí wọ́n fa kalẹ̀. Àwọn gómìnà APC láti Àríwá ní rárá, Buhari náà ní òun kò mú ẹnikẹ́ni. Wọ́n jẹ́ kí àwọn aṣojú dìbò. Tinúbú ní 1,271, Rotimi Amaechi ní 316, Yẹmí Ọ̀ṣínbàjò ní 235. Lawan tí alága dárúkọ ní 152. Kò tíì pé oṣù méjì tí wọ́n búra fún Tinúbú lọ́dún 2023 tí Adamu fi kọ̀wé fipò sílẹ̀. Alága tó ti ọ̀dọ̀ ẹnì kan wá kò ní ibi tó lè fẹ̀yìn tì nígbà tí ẹni yẹn bá ti lọ.

Kókó ọ̀rọ̀ náà nìyí. Alága tí àwọn aṣojú fi ìbò yàn ní gbèsè lọ́rùn, ọ̀dọ̀ àwọn tó dìbò fún un sì ni gbèsè náà wà. Bí ọ̀gá kan bá bínú sí i, ó lè sọ pé ẹgbẹ̀rún èèyàn ló yan òun. Alága tí ọwọ́ kan gbé jókòó, ọwọ́ kan náà ló lè gbé e dìde. Ìdí nìyí tí àga náà kò fi gbóná fún ẹnikẹ́ni. Àpéjọ gbogbogbòò kan ṣoṣo ti ọdún 2022 ni APC ṣe yan alága, ṣùgbọ́n ó ti lo alága mẹ́ta kí ọdún 2025 tó parí: Adamu, Ganduje àti Yilwatda, láì ka àwọn adelé. Ìkejì àti ìkẹta, àwọn aṣojú kò dìbò fún wọn rárá.

Ẹgbẹ́ tuntun náà kò bọ́ nínú rẹ̀. Nígbà tí àwọn alátakò kóra jọ sínú ẹgbẹ́ ADC ní oṣù keje ọdún 2025, wọ́n fi David Mark ṣe alága fìdíhẹ́, wọ́n fi Rauf Arẹ́gbẹ́ṣọlá, tó ti ṣe gómìnà Ọ̀ṣun rí, ṣe akọ̀wé. Kò pẹ́ tí àwọn kan tó ti wà nínú ẹgbẹ́ náà tẹ́lẹ̀ fi gba ilé ẹjọ́ lọ, wọ́n ní wọn kò bá àwọn sọ ọ́.

Ilé ẹjọ́ kò sì lè tún un ṣe tán. Kí àpéjọ PDP ti Ìbàdàn tó wáyé, Adájọ́ James Omotosho ti ilé ẹjọ́ gíga àpapọ̀ l'Ábújá ní kí INEC má ka àbájáde rẹ̀ sí. Lára ohun tó tọ́ka sí ni pé ẹgbẹ́ kò ṣe ìpàdé yíyan olóyè ní àwọn ìpínlẹ̀ kan bó ṣe yẹ. Ilé ẹjọ́ gíga ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ n'Ìbàdàn ní kí wọ́n máa ṣe é lọ. Adájọ́ méjì, àṣẹ méjì, ẹgbẹ́ kan. Bí wọ́n ṣe ṣe àpéjọ tán, ilé ẹjọ́ náà ni igun méjèèjì tún padà sí. Orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́. Ìdájọ́ lè sọ ẹni tó jókòó sórí àga, kò lè sọ ọ́ di ẹni tí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ yàn.

Ohun tó lè yí i padà kò sí l'Ábújá, ìsàlẹ̀ ló wà. Ìpàdé wọ́ọ̀dù tí wọ́n fi ń yan olóyè kì í gbà ju ọ̀sán ọjọ́ kan lọ, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ ọmọ ẹgbẹ́ kì í dé. Lọ́pọ̀ ibi, ìwé orúkọ ti wà lápò ẹnì kan kí àwọn èèyàn tó pé. Àwọn tó wá á gbọ́ orúkọ, wọ́n á pàtẹ́wọ́, wọ́n á jẹun, wọ́n á lọ sílé. Orúkọ yẹn ló ń di aṣojú ìjọba ìbílẹ̀, òun ló ń di aṣojú ìpínlẹ̀, òun ló ń dé Eagle Square àti Adámásingbà. Bí wọn kò bá dìbò ní wọ́ọ̀dù, kò sí bí wọ́n ṣe lè dìbò l'Ábújá.

Ìbéèrè mẹ́ta ni ọmọ ẹgbẹ́ tó wà lábúlé lè bi àwọn aṣáájú rẹ̀ láìbá ẹnikẹ́ni jà. Ọjọ́ wo ni ìpàdé wọ́ọ̀dù, ṣé wọ́n sì kéde rẹ̀ kí ọjọ́ tó pé? Níbo ni ìwé orúkọ àwọn ọmọ ẹgbẹ́ wà, ṣé orúkọ tirẹ̀ wà níbẹ̀? Ta ni aṣojú tí wọ́ọ̀dù rán lọ, ta ló sì dìbò fún nígbà tó dé ọ̀hún? Ẹgbẹ́ tó bá lè dáhùn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, wọ́ọ̀dù rẹ̀ ní iṣẹ́ tó ń ṣe. Èyí tí kò bá lè dáhùn, ọjọ́ tí àwọn ọ̀gá bá tún ń wá ọ̀bẹ ni yóò rántí pé òun ní wọ́ọ̀dù.